Ẹ̀rọ Tí Wọ́n Ní Ó Ń Sùn

Iná kú láàárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn oníná kọ́ ló sì mú un lọ. Ìyá Fótókọ́pì kọ́kọ́ rò pé àwọn ni. Ó dúró sí àárín yàrá iwájú tó fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, ó di ìwé ìbéèrè ìdánwò mú gbágbá, ó ń retí kí fáànù tún yí. Fáànù ò yí. Ó na ọrùn síta, ó wo ilé òdìkejì títì, ó rí gílóòbù wọn tó ń tàn yòò lójúmọmọ bí ẹni ń yọ ahọ́n síni. Iná wà ládùúgbò. Ti inú mítà tiwọn ló tán.

"Ṣebí àná la ṣẹ̀ṣẹ̀ kó iná sí i?" ọkọ rẹ̀ béèrè láti ìdí kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ títẹ̀wé fún èèyàn lọkùnrin náà ń ṣe. Ìka rẹ̀ ṣì wà lórí bọ́tìnnì, ó rí bí ẹni tí wọ́n já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀.

"Àná náà ni."

"Ó wá ti tán?"

"Bàbá Ọmọ, ẹ̀yin náà ẹ wòkè. Ṣé fáànù ń yí?"

Mítà kan ṣoṣo ni gbogbo ilé yẹn ní. Ara ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló wà, ó rí pẹlẹbẹ, ó ní iná pupa wínníwínní kan tó ń ṣẹ́jú. Bí èèyàn bá tan nǹkan ńlá, iná pupa náà á máa ṣẹ́jú wàìwàì. Bí wọ́n bá pa á, á rọra máa ṣe é. Gbogbo ayálégbé ló ń dáwó sí i, gbogbo wọn ló sì ń fura síra wọn. Onílé ti gba owó lọ́wọ́ wọn kí ó lè ra mítà fún yàrá kọ̀ọ̀kan. Òjò ìgbà yẹn rọ̀, ó dá. Òjò mìíràn ti dé, mítà ò dé. Ìjà ló dé. Ilé tí onílé fúnra rẹ̀ ń gbé ńkọ́? Mítà tirẹ̀ wà níbẹ̀, òun nìkan ló ń lò ó, ó sì ń sùn fọnfọn.

Kò pẹ́ tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fi hó. Ìyá Olómi Tútù ló kọ́kọ́ jáde. Omi tútù àti yìnyín ni obìnrin yìí ń tà nínú fírísà tó gbé sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ohùn rẹ̀ sì ga débi pé kò nílò agogo láti polówó ọjà.

"Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbà mí o! Yìnyín mi ń domi! Mo ní ẹ̀rọ fótókọ́pì yẹn á jẹ wá run, ẹ ní ẹnu mi gùn. Ẹnu mi wá dà báyìí? Ó ti kúrú?"

Télọ̀ tẹ̀ lé e, tépù ìwọnṣọ lọ́rùn, ṣòkòtò kan lápá. "Ṣòkòtò ọkọ ìyàwó rèé. Ẹsẹ̀ kan ti gún, ìkejì rún bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ṣé ẹsẹ̀ kan ni yóò fi gbéyàwó ni?"

"Kó máa na èyí tó gún síwájú," ohùn arúgbó kan dáhùn láti inú ṣọ́ọ̀bù. "Bó bá dé ọ̀dọ̀ ìyàwó, kó fẹ̀gbẹ́ rìn."

Ó ku díẹ̀ kí wọ́n rẹ́rìn-ín, ìbínú ò jẹ́. Màmá Àgbà ló sọ̀rọ̀, ìyá ọkọ Ìyá Fótókọ́pì. Ìjókòó màmá yìí kì í yí padà: àpótí kékeré kan ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ fótókọ́pì, níbi tí á ti fẹ̀yìn ti ìhà ẹ̀rọ náà tí ooru wẹ́wẹ́ ti ń yọ. Ẹ̀yìn máa ń dùn ún nígbà òjò. Ẹ̀rọ yìí ló fi ṣe oògùn, á jókòó tì í, á máa kọrin fún un bí ẹni tó gbé ọmọ pọ̀n.

Éjẹ́ǹtì onílé wọlé wẹ́rẹ́ bí ẹni pé òórùn ìjà ló gbọ́. Àṣé Ìyá Olómi Tútù ti ránṣẹ́ pè é láti àná, nígbà tí wọ́n tún dáwó iná. Ó mú oníwáyà kan lẹ́yìn, púláyà tí wọ́n fi ń gé wáyà sì yọrí jáde lápò ẹ̀yìn ṣòkòtò onítọ̀hún.

"Ẹ má dààmú ara yín mọ́," ni Éjẹ́ǹtì wí. "Onílé ti sọ̀rọ̀. Wáyà tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù yìí, a máa gé e lónìí. Ẹni tó bá fẹ́ fi ilé ṣe ọ́fíìsì, kó lọ ra jẹnẹrétọ̀."

"Jẹnẹrétọ̀?" Ìyá Fótókọ́pì ti jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Epo tí mo bá bù sí i láàárọ̀ ló máa gbé èrè ọjọ́ náà lọ. Éjẹ́ǹtì, ẹ kúkú ní kí n pa ṣọ́ọ̀bù dé."

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Púláyà yẹn ló ń sọ ọ́."

Ó gbé ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sókè. Ìbéèrè ìdánwò ilé-ìwé tó wà nísàlẹ̀ títì ni. Àwọn ọmọ ibẹ̀ máa ṣe ìdánwò lọ́la, ọ̀gá ilé-ìwé sì máa rán akọ̀wé wá gba ìwé lọ́sàn-án. Iṣẹ́ ilé-ìwé yìí ni ìdílé rẹ̀ fi ń san owó ilé. Bí wọ́n bá gé wáyà kí iṣẹ́ tó parí, ọ̀gá á gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn, kò sì ní í gbé e padà.

"Ẹ gbọ́ mi," ó wí, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Bí mo bá ń tẹ̀wé, ẹ̀rọ mi ń jẹ iná, mi ò jiyàn. Torí ẹ̀ la ṣe ń dá owó ju gbogbo yín lọ. Ṣùgbọ́n bí kò bá ṣiṣẹ́, ó ń sùn ni. Ta ló ń jẹun lójú oorun nínú yín?"

Tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́, torí ohun tí gbogbo ilé rẹ̀ gbàgbọ́ nìyẹn. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ẹ̀rọ náà dé, wọn ò pa á rí. Bí wọ́n bá ṣíwọ́ iṣẹ́, gbogbo ariwo rẹ̀ á rọlẹ̀, á ku iná aláwọ̀ ewé kan tó ń tàn ní iwájú rẹ̀ bí ojú ológbò, wọ́n á ní, "Ó ti sùn." Ìdí pàtàkì kan sì wà tí wọn kì í fi í pa á. Ìwé máa ń mu òtútù nígbà òjò, ìwé tó bá sì ti tutù, ńṣe ló ń há sínú ẹ̀rọ. Ni wọ́n bá ń to ìwé sórí ẹ̀rọ fótókọ́pì kí ooru rẹ̀ lè máa yá a. Orí rẹ̀ ìwé, ìhà rẹ̀ Màmá Àgbà.

"Irọ́ funfun!" Ìyá Olómi Tútù pariwo. "Oorun wo ni irin ń sùn?"

"Ó dáa, mítà á ṣèdájọ́. Iná pupa yẹn ò mọ ẹ̀gbọ́n, kò mọ àbúrò. Ká pa gbogbo nǹkan, ká wá máa tàn wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ èmi ni mò ń jẹ yín, kí oníwáyà gé e lójú mi."

"Iná wo la fẹ́ fi wò ó? Mítà ti gbẹ."

"Màá rà á."

Ọkọ rẹ̀ fà á lápá aṣọ wọlé. "Owó wo lo máa fi rà á?"

"Èyí tó wà nídìí ike ìrẹsì."

"Owó ẹ̀wà nìyẹn, Ìyá Ọmọ! Kí làwọn ọmọ máa jẹ bí wọ́n bá dé?"

"Ẹ̀wà ò lè tẹ̀wé. Ìrẹsì ṣì kù."

"Ìrẹsì funfun? Láìsí ọbẹ̀?"

"Kí wọ́n fi ìfẹ́ ìyá wọn jẹ ẹ́."

Ọkùnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Ó wo ẹ̀rọ náà láti òkè délẹ̀. "Gbogbo ohun tí nǹkan yìí bá pa wọlé, iná ló ń gbé e lọ. Nígbà míì, ńṣe ló máa ń ṣe mí bíi pé àwa là ń ṣiṣẹ́ sìn ín."

Ọ̀rọ̀ náà ti jókòó sínú Ìyá Fótókọ́pì náà tipẹ́, òun ni kò fún un láyè láti sọ̀rọ̀. Ó ti ọwọ́ bọ ìdí ike ìrẹsì, ó mú owó, ó jáde.

Iná tó rà ò tó nǹkan. Ọkọ rẹ̀ tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sínú mítà, mítà han, fáànù yí. Wọ́n wá pa ohun gbogbo. Fáànù ni, gílóòbù ni, rédíò ni, wọ́n pa á. Gbogbo wọn kóra jọ sídìí ògiri bí ẹni tó ń yọjú wo ìkókó.

Télọ̀ ló kọ́kọ́ ti áyọ́ọ̀nù rẹ̀ bọ iná. Iná pupa gbéra, ó ń sá lọ bí ẹni tí ajá ń lé.

"Yéè!" Télọ̀ di orí mú. "Èyí tí mo máa ń fi sórí iná bẹ́ẹ̀, tí màá máa ránṣọ lọ!"

"Ìwọ náà rí ara ẹ," ni Ìyá Olómi Tútù wí. Ó wọlé lọ tan fírísà tirẹ̀ tìgberaga-tìgberaga. Iná pupa ò sá tó ti áyọ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n kò dẹwọ́. Wọ́n dúró dè é títí kó sinmi, kò sinmi. Ìdérí fírísà náà ti wọ́, kì í pa dé dáadáa, òtútù ń jò jáde lábẹ́ rẹ̀.

"Ọjà ẹ ń sá lọ," Télọ̀ sọ fún un. "Ìta lò ń fún ní omi tútù mu."

"Pa ẹnu ẹ dé, ìwọ ẹlẹ́sẹ̀ kan!"

Ó lọ pa á. Wọ́n wá wo mítà. Ohun gbogbo ti kú, kò yẹ kí iná pupa tún ṣẹ́jú mọ́. Ó ṣẹ́jú. Ó tún ṣẹ́jú. Jẹ́jẹ́ ló ń ṣe é, bí ẹni tó mọ̀ pé òun ò kánjú, pé òun ní gbogbo ọ̀sán, òun sì ní gbogbo òru.

"Ta ló fi nǹkan sílẹ̀?" oníwáyà béèrè.

Ìyá Fótókọ́pì yí padà, ó wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ti kú. Màmá Àgbà nìkan ló fẹ̀yìn ti ìhà ẹ̀rọ, ojú ológbò náà sì ń tàn. Ìyá Fótókọ́pì gbọ́wọ́ lé ẹ̀rọ náà lórí, lábẹ́ ìwé. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó ti fọwọ́ kàn án báyìí láìmọye ìgbà, ìdùnnú ló sì máa ń jẹ́ fún un. Àfi lónìí. Ooru yìí, níbo ló rò pé ó ti ń wá?

Ó pa súìṣì ara ògiri.

"Ó ti dúró!" Télọ̀ kígbe láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Iná pupa ti dúró!"

Ó tàn án padà. Ẹ̀rọ náà hó, ó gbọnra, ó ń mú ara gbóná.

"Héè, ó ń sá bí áyọ́ọ̀nù mi!" Nígbà tó ṣe, "Ó ti rọra... ó tún ti bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́ ẹ̀."

Nígbà tí Ìyá Fótókọ́pì padà sọ́dọ̀ wọn, ọ̀nà là sílẹ̀ fún un. Ó retí pé Ìyá Olómi Tútù á bú òun. Kò bú u. Ó kàn ká ọwọ́ lé àyà, ó ń wo ilẹ̀. Ìyẹn dùn ún ju èébú lọ. Éjẹ́ǹtì ṣẹ́jú sí oníwáyà, oníwáyà fa púláyà yọ.

"Ẹ dúró." Ìyá Fótókọ́pì bọ́ síwájú oníwáyà. "Èmi ni. Mo ti rí i, ẹ̀yin náà ti rí i. Àmọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ yẹn kọ́ ló jẹ wá, oorun rẹ̀ ni. Ẹ má gé wáyà iṣẹ́ nítorí oorun. Iná tó wà nínú mítà yìí, oúnjẹ ọmọ mi ni. Ẹ jẹ́ kí n fi tẹ ìwé ìdánwò yìí. Bí iná bá kú kí n tó tán, ẹ gbé púláyà fún mi, ọwọ́ ara mi ni màá fi gé e. Bí mo bá tán tí nǹkan sì ṣẹ́ kù, wáyà mi dúró síbẹ̀. Bí kò bá sí iṣẹ́, ẹ̀rọ á kú pátápátá. Tọ̀sántòru."

"Kí yìnyín mi máa domi?" Ìyá Olómi Tútù béèrè.

"Gbé nǹkan wúwo lé ìdérí ẹ, má sì ṣí i. Ìyẹn nìkan ni mo bẹ̀ ọ́."

"Àti ṣòkòtò mi?" ni Télọ̀ wí, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló tún dáhùn. "Ìgbéyàwó ò sí lónìí. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ìyá mi. Èmi á máa ka mítà fún yín."

Éjẹ́ǹtì wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó fa àga, ó jókòó. Oníwáyà fi púláyà sórí itan.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìyá Fótókọ́pì kì í tẹ̀wé báyìí tẹ́lẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló máa ń tẹ̀ ẹ́, á tẹ̀ ẹ́, á dá oníbàárà lóhùn, á lọ wo ọbẹ̀ lórí iná, á tún padà wá. Lónìí, ó to gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ kó tó tẹ bọ́tìnnì: ojú ìwé iwájú lọ́tọ̀, ẹ̀yìn lọ́tọ̀. Ọkọ rẹ̀ ń gbà á lẹ́nu ẹ̀rọ, ó ń tò ó, ó ń mú etí rẹ̀ dọ́gba. Ẹ̀rọ ń ké *gbàràgàdà, gbàràgàdà*, Màmá Àgbà sì mú orin bá a lọ:

*Máa yí lọ, má há o,*
*Ìwé ọmọ ọlọ́mọ ni, má há o,*
*Bó o jẹun tán, o ṣiṣẹ́,*
*Máa yí lọ, má há o.*

Ìyá Fótókọ́pì gbè é. Ọkọ rẹ̀ tí kì í kọrin náà gbè é. Télọ̀ ń gbè láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì ń fi iye iná tó kù ṣe ìlà orin tirẹ̀: "Ó ń lọ sílẹ̀ o, ẹ yára o!"

Wọ́n ti kọjá ìdajì nígbà tí ẹ̀rọ dákẹ́ lójijì. Ìwé há.

Ọkọ rẹ̀ ṣí ikùn ẹ̀rọ, ó fa ìwé náà jáde, ó ti rún bí aṣọ àfọ̀gbẹ. Wọ́n gbé òmíràn sí i. Ó tún há. Ìwé orí ẹ̀rọ ti tán. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé láti igun ilé ni, ó ti mu òtútù òjò yó.

"Ṣé kí n fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́?" ni Télọ̀ béèrè.

"Áyọ́ọ̀nù á gbé gbogbo iná tó kù mì!" Ìyá Fótókọ́pì dúró, òógùn bò ó. Orí ẹ̀rọ ni wọ́n ń ṣí tí wọ́n ń pa dé báyìí láti pààrọ̀ ojú ìwé ìbéèrè. Kò sí ibi tó lè to ìwé sí níbẹ̀.

Màmá Àgbà dìde. Ó pẹ́ kó tó nà tán, ó fi ọwọ́ kan di ìbàdí mú. Ó fẹsẹ̀ ti àpótí rẹ̀ sẹ́yìn. "Ibi ẹ̀yìn mi rèé," ó wí. "Ibẹ̀ ló lọ́ jù. Kó ìwé ẹ síbẹ̀."

"Màmá, òjò mà ń bọ̀. Ẹ̀yìn yín ńkọ́?"

"Ẹ̀yìn mi ò ní ìdánwò lọ́la."

Wọ́n tú ìdì ìwé, wọ́n fẹ́ ẹ bí abẹ̀bẹ̀, wọ́n tò ó ti ìhà ẹ̀rọ. Wọ́n ń mú èyí tó bá ti yá, wọ́n ń fi òmíràn rọ́pò. Ìwé ń wọlé, ìwé ń jáde. Orin ò dáwọ́ dúró. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Télọ̀ ti dákẹ́ ìlà tirẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ sì ń bani lẹ́rù ju ariwo lọ. Ìyá Olómi Tútù ló wá ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́: "Má jẹ́ kó kú o. Ìwọ iná, má kú mọ́ ọn lọ́wọ́ o."

Ìwé tó kẹ́yìn bọ́ sínú ọwọ́ ọkọ rẹ̀.

Ìyá Fótókọ́pì na ọwọ́ sí súìṣì, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó hun jọ kan ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Màmá Àgbà pa á. Ojú ológbò kú. Gbogbo ilé wá gbọ́ atẹ́gùn òjò tó ń bọ̀ lára òrùlé, wọ́n gbọ́ èémí ara wọn.

"Ó ṣẹ́ kù!" Télọ̀ ké. "Ó kéré, àmọ́ ó ṣẹ́ kù!"

Oníwáyà ti púláyà padà sápò. Éjẹ́ǹtì dìde, ó gbọn ṣòkòtò, ó ní òun á jíṣẹ́ fún onílé pé àwọn ayálégbé ti yanjú ọ̀rọ̀ láàárín ara wọn.

"Ẹ jókòó," ni Ìyá Olómi Tútù wí.

"Kí ló tún kù?"

"Mítà mi. Mo sanwó rẹ̀. Télọ̀ san. Ìyá Fótókọ́pì san. Ẹ gbé púláyà wá kíákíá. Mítà ńkọ́, ó ń bọ̀ lórí ìgbín ni?"

Ìyá Fótókọ́pì wo obìnrin tó fẹ́ gé wáyà òun láàárọ̀, ó sún mọ́ ọn, wọ́n jọ dúró. "Ẹ sọ fún onílé pé à ń bọ̀ lọ́la," ó wí. "Gbogbo wa. Bí kò bá sí mítà, owó wa á padà. A ò tún ní í bá ara wa jà nítorí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀."

"Èmi á gbé ohùn mi dání," Ìyá Olómi Tútù fi kún un, Éjẹ́ǹtì sì yára jáde.

Akọ̀wé ilé-ìwé dé, ó gba ìwé, ó sanwó. Wọ́n ra iná sí mítà, wọ́n ra ẹ̀wà. Ìyá Olómi Tútù gbé kúlà àtijọ́ kan tí ìdérí rẹ̀ ṣì ń pa dé gírígírí wá kí wọ́n máa kó ìwé sí. Ìyá Fótókọ́pì di ìrẹsì gbígbẹ díẹ̀ sínú àkísà, ó fi sí abẹ́ rẹ̀ kó lè máa fa òtútù. "Ìrẹsì tó yẹ ká jẹ lónìí," ọkọ rẹ̀ wí, "ìwé náà ń jẹ nínú rẹ̀." Nígbà yìí ló tó rẹ́rìn-ín.

Òjò bẹ̀rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Màmá Àgbà jókòó sórí àpótí rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ti tutù bí òkúta. Kò ráhùn, ṣùgbọ́n kò kọrin. Ìyá Fótókọ́pì ń ṣa ẹ̀wà, ojú rẹ̀ ò kúrò lára ẹ̀yìn arúgbó náà tó ká kò.

Ní òdìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀, Télọ̀ ti kó gbogbo aṣọ rẹ̀ jọ, ó lọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, ṣòkòtò ọkọ ìyàwó gún lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Ó yọ áyọ́ọ̀nù tó ṣì gbóná kúrò lára iná. Wọ́n rí i tó wọlé, ó gbé áyọ́ọ̀nù náà dání, wáyà rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Ó ká aṣọ òtútù kan sí mẹ́rin, ó fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́ títí, ó wá gbé e lé ẹ̀yìn Màmá Àgbà.

Arúgbó náà pa ojú dé. Èjìká rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó la ojú kan.

"Ooru yìí, ta ló ń sanwó rẹ̀?"

"A ti san án, Màmá," ni Ìyá Fótókọ́pì wí. "Èyí tó ṣẹ́ kù ni."

Màmá Àgbà fọwọ́ lu orí ẹ̀rọ tó ti kú náà pẹ́pẹ́, bí ẹni ń tu ọmọ tó ti sùn, ó sì gbé orin.